Ọ̀rẹ́ Ọjọ́ Mẹ́rin: Àlàyé Lórí Àwọn Tí À Ń Bá Pàdé Nínú Họ́sítẹ́ẹ̀lì Arìnrìn-àjò

Bí ọmọ kan bá délé ní Àgbádárìgì, tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kan ń bọ̀ wá kí òun láti Jámánì, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Níbo lẹ ti mọra?" Ọmọ á ní, "Họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu." Ìbéèrè kejì ni, "Ọjọ́ mélòó lẹ jọ lò?" Ọmọ á ní, "Mẹ́rin." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Lójú ìyá, ọjọ́ mẹ́rin kò tó mọ orúkọ bàbá ènìyàn. Ọmọ ní tirẹ̀ mọ̀ pé òun ti sọ ohun tí òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé fún ẹni náà. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ohun tó sì fà á ṣeé ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti arìnrìn-àjò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀dì lẹ ń sanwó fún níbẹ̀, kì í ṣe yàrá. Yàrá kan lè gba ènìyàn mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí méjìlá, bọ́ǹkì ni wọ́n sì sábà máa ń tò sí i. Balùwẹ̀, ilé ìdáná, fíríìjì àti pálọ̀, gbogbo ayé ló ni ín. Lọ́kà wà fún ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa mú àgádágodo tiyín dání. Ẹni tó sùn lókè orí yín lè jẹ́ ọmọ Gánà tó forí lé Èkó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lè jẹ́ ọmọ Faransé tó ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta. Alẹ́ méjì sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò kí wọ́n tó tún gbéra.

Tíṣà ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe oníhòtẹ́ẹ̀lì. Ní 1909, Richard Schirrmann, ará Jámánì, kó àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, òjò sì ká wọn mọ́nà títí wọ́n fi lọ sùn nínú kíláàsì ilé ìwé kan. Òru ọjọ́ yẹn ló ti ronú pé ó yẹ kí ibi olówó pọ́ọ́kú wà tí àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò lè máa sùn sí. Ní 1912, ó ṣí èyí àkọ́kọ́ tó dúró fún iṣẹ́ yìí nínú ilé olódi àtijọ́ tó wà ní Altena. Nígbà tó fi máa di 1932, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti pé jọ sí Amsterdam láti dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ fún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn àjèjì sùn sínú yàrá kan. Nítorí náà, kì í ṣe àṣìṣe tàbí àìrówó kọ́lé ló fa àjùmọ̀sùn yẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an ni.

Ojú Yorùbá sì ti rí irú rẹ̀ rí. Àwọn alájàpá ayé ọjọ́un kì í dá rìn. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á wọ ilé onílé kan náà ní ìlú tí wọ́n bá dé, wọ́n á jọ jẹ, wọ́n á jọ sùn. Àgbádárìgì tiẹ̀ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní 1825, ọmọ ọ̀dọ̀ ni Richard Lander nígbà tó bá ọ̀gá rẹ̀, Hugh Clapperton, òyìnbó tó ń ṣàwárí ilẹ̀ Áfíríkà, gúnlẹ̀ síbí láti rìn wọ inú ilẹ̀ lọ. Nígbà tí Clapperton kú nítòsí Sókótó ní 1827, Lander ló sin ín, ọ̀dọ̀ wa níbí ló sì padà gbà jáde. Ọ̀nà ló sọ ọ̀gá òun ọmọ ọ̀dọ̀ di ẹbí.

Wákàtí ni kí ẹ kà

Ohun tó ń da àwọn ará ilé láàmú ni pé ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Ní 2018, Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí iye àkókò tó ń gbà kí ènìyàn méjì tó di ọ̀rẹ́. Ohun tó rí ni pé ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá, nǹkan bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gidi, ó sì ń ju 200 lọ kó tó di kòríkòsùn. Ó tún rí i pé wákàtí tí a fi jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ka nǹkan. Èyí tí a fi jọ jẹun, jọ ṣeré, jọ jókòó lásán ló ń so ènìyàn pọ̀.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹni kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín tí ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Kí ó tó pé 50, ọ̀sẹ̀ 25 ti kọjá, ìyẹn bí oṣù mẹ́fà. Kí ó tó pé 90, ó ti di ọ̀sẹ̀ 45. Igba wákàtí á sì gba ọ̀sẹ̀ 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì.

Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ jí, ẹ jọ mu tíì, ẹ jọ wọkọ̀ lọ wo ìlú, ẹ jọ dáná, ẹ jọ jókòó títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Bí a bá yọ àkókò tí olúkúlùkù fi sinmi, wákàtí 13 lójúmọ́ kò ṣòro rí. Ọjọ́ mẹ́rin á fún yín ní 52. Ọjọ́ méje á fún yín ní 91. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ẹ ti kọjá 200. Ọmọ tó ní òun ti ní ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin kò purọ́, kò sì ya òmùgọ̀. Ohun tí àwọn ará ilé fi oṣù mẹ́fà ṣe ni òun fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe.

Ibi tí ìyá ti tọ̀nà nìyí: wákàtí náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo rẹ̀, ẹ ò tí ì bá a lo òjò. Ìgbà tí kò sí iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, tí owó wà lápò rẹ̀, tí ara rẹ̀ dá, tí kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń bí i nínú, ìgbà yẹn nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mọ bó ṣe ń ṣe bó bá jẹ gbèsè. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ọ̀rẹ́ yìí, rere àti búburú, inú ọ̀rọ̀ méjì yìí ló ti ń jáde: wákàtí tó pọ̀, àti ìgbà kan ṣoṣo.

Ohun méjì mìíràn tún ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Èkíní ni ìtòsí. Ní 1950, Leon Festinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ń gbé ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kángun sí tẹni ló sábà ń di ọ̀rẹ́ ẹni. Bí ilẹ̀kùn bá ṣe ń jìnnà sí ara wọn ni ọ̀rẹ́ ń dínkù. Àwọn tó sì ń gbé ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí gbogbo èrò ń gbà kọjá, ní ọ̀rẹ́ lókè ju àwọn yòókù lọ. Èkejì ni pé àjèjì rọrùn láti tú inú fún. Georg Simmel, onímọ̀ nípa àwùjọ, ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1908 pé àlejò ni àwọn ènìyàn máa ń sọ àṣírí tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ará ilé fún. Kò mọ ẹ̀gbọ́n yín, kò mọ pásítọ̀ yín, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ gbà délé.

Láti ìgbà tí ẹ bá gbé báàgì kalẹ̀

Nítorí ìtòsí yìí, ibi tí ẹ bá jókòó sí ṣe pàtàkì ju ẹnu dídùn lọ. Ẹni tó bá gorí bọ́ǹkì tó tẹjú mọ́ fóònù kò ní í ní ọ̀rẹ́, bí yàrá náà tilẹ̀ gba ènìyàn méjìlá. Ẹ gbé báàgì sínú lọ́kà, ẹ tì í, kí ẹ wá lọ jókòó sí ibi tí omi gbígbóná wà. Ó ti sú gbogbo arìnrìn-àjò láti máa dáhùn "Níbo lo ti wá?" Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà: mọ́tò wo ni wọ́n wọ̀, èló ni wọ́n san, ibo ni wọ́n ti dá wọn dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wúlò fún ẹni tó ń béèrè, ẹni tó ń dáhùn náà sì fẹ́ràn láti sọ ọ́.

Orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀, ẹni ogún ọdún á pe ẹni àádọ́ta ọdún lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá méjì bá pàdé, kí èyí àbúrò má ṣe torí họ́sítẹ́ẹ̀lì sọ "ẹ" di "o". Ẹ̀gbọ́n kò ní í sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní í gbàgbé.

Ilé ìdáná ni ọ̀rẹ́ ti ń yára jù. Ọmọ Àgbádárìgì ní àǹfààní kan tí ẹlòmíràn kò ní, torí àgbọn ni ilẹ̀ wa. Fún ènìyàn márùn-ún, kọ́ọ̀pù mílíìkì márùn-ún ìrẹsì, àgbọn ńlá méjì, àlùbọ́sà kan àti iyọ̀ ti tó. Ẹ má ṣe dá a ṣe. Ẹnì kan á fọ́ àgbọn, ẹnì kan á rin ín, ẹnì kan á ṣa ìrẹsì. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu á tú. Ojú kò ní í ti ẹni tí èdè kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu láti dákẹ́. Ẹ da omi gbígbóná sí àgbọn tí ẹ rin, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ. Bí ìrẹsì bá ti ń hó pẹ̀lú omi àgbọn, ẹ dín iná kù gidigidi, nítorí omi àgbọn máa ń tètè jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Ohun tó sábà ń ba oúnjẹ yìí jẹ́ ni pé ìtàn á ti dùn, aláséjẹ á sì gbàgbé iná.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í jẹ. Edé àti ẹ̀pà lè gbé ẹlòmíràn dé ọsibítù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọra-ẹni-lójú. Ẹ gbé ata sí àwo ọ̀tọ̀. Ohun tí ẹ bá fi sí fíríìjì, ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ ó lọ sí i lára. Èyí tí kò ní orúkọ, gbogbo ilé ló ni ín.

Òru ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo ọ̀rá ní aago mẹ́rin ìdájí ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju èébú lọ. Bí mọ́tò yín bá máa gbéra ní kùtùkùtù, alẹ́ àná ni kí ẹ di ẹrù, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má tan iná yàrá. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ béèrè yàrá obìnrin nìkan, ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ní in. Kí ẹnì kan nílé sì máa mọ ibi tí ẹ sùn lálaalẹ́.

Owó, ọ̀nà àti ẹnubodè

Owó ló ń fọ́ ọ̀rẹ́ yìí jù, àìgbọ́ra-ẹni-yé ló sì sábà ń fà á, kì í ṣe olè. Yorùbá á ní, "Jẹ́ kí n san èyí, ìwọ á san ti ọ̀la." Ará Yúróòpù á fẹ́ pín in dé orí kọ́bọ̀. Yorùbá á rò pé ahun ni. Ẹni tọ̀hún á rò pé ẹ fẹ́ fi owó de òun mọ́lẹ̀. Kò sí ahun níbẹ̀, àṣà méjì ló pàdé.

Ọ̀nà tó dára jù ni ìwé kékeré kan àti ìṣirò alaalẹ́. Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́rin, ẹnì kan san ₦12,000 fún ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, tó wà ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, àti àbọ̀, ẹlòmíràn san ₦6,000 fún oúnjẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦18,000, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦4,500. Ẹni àkọ́kọ́ ní ₦7,500 láti gbà, ẹni kejì ní ₦1,500. Ẹni kẹta á san ₦4,500 rẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kẹrin á fún ẹni àkọ́kọ́ ní ₦3,000, á fún ẹni kejì ní ₦1,500. Ó parí. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí owó sefa tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ tún wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó jẹ. Iye sefa sí yúrò kì í yí padà, sefa 655.957 ni yúrò kan, ti náírà ló ń yí lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ jọ fẹnu kò sí iye tí ẹ ó fi ṣẹ́ owó lọ́jọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó sanwó. Owó tí ẹ kò lè gbàgbé, ẹ má yá a fún ẹni tó ń lọ lọ́la.

Lẹ́yìn owó ni àjùmọ̀rìn. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ dùn lè má dùn-ún rìn. Kí ẹ tó pinnu láti jọ rin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dán ọjọ́ kan wò: láti Kútọnu, Ganvié tó wà lórí omi tàbí Ouidah ṣeé lọ kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo aago tó ń jí, bó ṣe ń bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣe bí ebi bá pa á. Ẹ sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ná lójúmọ́ jáde ketekete, torí ibẹ̀ ni ìtìjú ti ń mú ènìyàn jẹ gbèsè. Àwọn àgbà ní èjì èjì lọ̀rẹ́ ń gbà. Nínú ìrìn àjò, mẹ́ta ló sábà ń di méjì àti ẹnì kan tó ń bínú. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ máa ya ara yín ní ìdajì ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwé ìrìnnà yín kì í ṣe ìkan náà, ẹ má gbàgbé. Ọmọ Nàìjíríà lè wọ Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, nítorí àdéhùn ECOWAS ti 1979. Páásípọ́ọ̀tù tó ṣì lágbára àti káàdì yẹ́lò ló máa nílò. Ọ̀rẹ́ yín láti Jámánì nílò físà Bẹ̀nẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń gbà á ṣáájú. Bí físà Nàìjíríà rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan, tó bá yín rékọjá ẹnubodè Seme lọ jẹun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò ní í lè padà wọlé. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó yan ọjọ́. Ẹ rántí aago pẹ̀lú: aago mẹ́wàá Àgbádárìgì àti ti Kútọnu bára mu, àmọ́ aago mẹ́sàn-án ni ní Lomé àti Accra.

Ohun kan wà tí a kò gbà kí ẹ fojú kékeré wò. Ní ẹnubodè, báàgì yín nìkan ni kí ẹ gbé. Ẹ̀yin ni kí ẹ dì í, kí ó má sì kúrò lójú yín. Bí ọ̀rẹ́ wákàtí 50 bá ní, "Bá mi mú èyí dání," ẹ kọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n bá ti bá ẹrù ni wọ́n máa mú, aṣọ́bodè kò ní í béèrè bí ọ̀rẹ́ yín ti pẹ́ tó. Ẹni tó bá fi èyí bínú ti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn yín.

Àgbádárìgì fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wá síbí ló ń ti Èkó wá láàárọ̀, tí wọ́n á sì padà nírọ̀lẹ́. Wọ́n á wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845, wọ́n á wo Brazilian Baracoon, ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, ti Sèríkì Wílíàmù Àbáàsì, ó parí. Gẹ́sítì háòsì àti hòtẹ́ẹ̀lì tí olúkúlùkù ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni wọ́n sì sábà ń sùn bí wọ́n bá tiẹ̀ sùn. Kò sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn níbẹ̀, ká lo ọ̀rọ̀ Festinger. Onílé tó bá fẹ́ kí àlejò òun mọ ara wọn, tábìlì gígùn kan lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná máa ṣe ju fáànù tuntun mẹ́wàá lọ.

Ibi kan wà tó máa ń so àlejò pọ̀ níbí, òun ni ọ̀nà Gberefu. Ẹ ó jọ dúró ní etí ọ̀sà kí ọkọ̀ ojú omi tó kún, ẹ ó jọ rékọjá, lẹ́yìn náà ẹ ó fi ẹsẹ̀ rin inú iyanrìn, láàárín igi àgbọn, kọjá kànga tí wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú lómi mu, títí dé etí òkun tí wọ́n ń pè ní ibi àlọ-àìpadàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí wọ́n bá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà wà. Bí ẹnì kan bá sunkún, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ lọ̀rọ̀ máa ń jáde, ọ̀rọ̀ ìrìn náà sì máa ń jinlẹ̀ ju ti ọjọ́ mẹ́ta nínú pálọ̀ lọ.

Bí ẹ bá ti túká

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ yìí ni kò ní í dọ́dún, ìyẹn kò sì sọ wọ́n di irọ́. Gúrúùpù WhatsApp á gbóná fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn fọ́tò nìkan, lẹ́yìn ìyẹn ẹ kú ọdún. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ kí ó ṣẹ́kù, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò nínú gúrúùpù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i, kí ẹ bi í ní ohun kan pàtó tó sọ fún yín: ṣé àbúrò rẹ̀ ti yege ìdánwò náà? Ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ìlú tí ẹ ti pàdé àti oṣù, torí ọ̀pọ̀ ń pààrọ̀ síìmù ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ímeèlì rẹ̀ pẹ̀lú.

Tó bá wá ń bọ̀ nílé ńkọ́? Ìgbà yẹn ni òjò tí ẹ kò tí ì jọ lò máa bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ará họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́, àlejò ìyá yín ni. Ẹ sọ ọjọ́ tó máa dé àti ọjọ́ tó máa lọ fún àwọn òbí yín ṣáájú. Ẹ kọ́ òun náà ní "Ẹ káàárọ̀, mà" àti bí wọ́n ṣe ń tẹríba. Ẹ sọ fún un kí ó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kí ó má sì béèrè èló ni ìpín òun lórí oúnjẹ. Bó bá fẹ́ ná owó, kí ó ra mílíìkì àti búrẹ́dì wọlé. Ó máa fẹ́ fọ abọ́, ó ti mọ́ ọn lára níbi tó ń sùn. Ìyá yín á kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó fọ ife tirẹ̀. Bí ìyá yín bá sì jókòó tì í, tó bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí àti ẹni tó ń tọ́jú wọn nísinsìnyí, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe rí, kí ẹ má gé e kúrú. Ẹ̀yin náà, ẹ tẹ́tí sí ìdáhùn rẹ̀.